Ìwé Ìṣirò Ẹgbẹ́ Odò Pupa

Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi ò mọ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ mi ló mọ gègé,
ni wọ́n bá gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ ní Winnipeg
lọ́dún tí ojú odò dì títí wọ oṣù karùn-ún.

Ojú ewé kìíní: ènìyàn mọ́kànlá, bàtà mẹ́sàn-án.
Américo tó ń yọ eegun lára màlúù,
Tesfalem tó ń fọ ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sí,
Fádáhùnsi, ará Ìlá, tó ń ti ẹran wọ yàrá yìnyín,
tó ní ayé òun dojú rú:
òun ń ti inú òtútù bọ̀, wọ́n tún ń sanwó fún òun
kí òun wọ inú òtútù mìíràn.
Aago méje àárọ̀ ni iṣẹ́ òru ń parí.
Ní aago méje ààbọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀
lẹ́yìn ojú irin, níbi tí koríko
kò tíì gbà pé ọ̀gìnnìtìn ti lọ.

A ò láṣọ. Aṣọ funfun alápatà la kó jọ,
a pa á láró pupa nínú ọpọ́n ìwẹ̀ Fádáhùnsi.
Mọ́ńjọlá, ìyàwó rẹ̀, fajú ro fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:
ọmọ wọn wọ inú omi, ó jáde bí ẹni tó kun osùn.
Ní ìdíje àkọ́kọ́, òjò dé.
Pupa ṣàn láti èjìká dé ìbọ̀sẹ̀,
ó ran gbogbo ẹni tó bá fara kàn wá.
Rẹfirí fọn fèrè, ó ń wá ẹni tó farapa.
Mọ́kànlá sí òdo.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò pa á rẹ́.

Ẹgbẹ́ tó ń sanwó ni wá, ká má purọ́:
dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹni tó bá gbá a wọlé,
owó epo fún ẹni tó bá ní mọ́tò,
fún ẹni tó bá dá lẹ́sẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kan.
Ojú ewé kẹtàdínlógójì: a jẹ onílé ìfọṣọ ní igba dọ́là.
Ojú ewé kejìdínlógójì: a ṣì jẹ ẹ́.

Ọdún keje ni a dé àṣekágbá Manitoba.
Ilé iṣẹ́ ní kò sáyè, ẹgbẹ̀ta màlúù ń dúró.
Mẹ́jọ nínú wa gégun títí ilẹ̀ fi mọ́,
wọ́n sùn nínú mọ́tò, wọ́n jí sórí pápá.
A ò dára jù wọ́n lọ. Ìyẹn náà wà nínú ìwé.
Ọ̀kan sí ọ̀kan. Àfikún àkókò: ọ̀kan sí ọ̀kan.
Ó kan pẹ́náritì.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Ọwọ́ Américo ò pé; ọbẹ ti mú ìka kan lọ.
Ìka mẹ́rin yẹn ló fi ta èyí tó kẹ́yìn dànù.
Mo wò ó dáadáa: ká ní ìka karùn-ún ṣì wà níbẹ̀,
bọ́ọ̀lù ì bá kàn án, ì bá yà wọlé.
Gbogbo ènìyàn ń fò. Èmi ń wá gègé.

Ife náà wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní òpópónà Selkirk,
òòyà àti abẹ ló kún inú rẹ̀.
Ilé iṣẹ́ ẹran ti wó.
Oṣù kìíní ni Fádáhùnsi kú;
iná ni wọ́n fi yọ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbà á.

Mosúnmọ́lá, ọmọ inú ọpọ́n yẹn,
òun ló ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù báyìí:
ọmọ Kóńgò, ọmọ Síríà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí kì í fọ́n bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fẹ́nìkan.
Ó wá gba ìwé lánàá, ó fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹpútà.
Ó ka ojú ewé kejìdínlógójì, ó gbójú sókè.
"Ẹ̀yin bàbá, ṣé a padà san án?"
Onílé ìfọṣọ ti kú, oògùn ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.
Mo ní, a ṣì jẹ ẹ́.
Kọ ọ́ síbẹ̀.